Abúlé Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Bímọ

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò tíì rí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń wí i. Èèyàn lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kó dá a lóhùn wẹ́rẹ́, kó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí àárín igbó. Kì í ṣe pé ó purọ́. Bí o bá ṣe bi í ni yóò ṣe dá ọ lóhùn, kò ní wo ojú rẹ kó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn?” Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Toyibat Bàrúwà nìyẹn ní ọ́fíìsì wọn ní Ìlaròó.

Iṣẹ́ Toyibat ni kó máa kọ ìbéèrè sí kọ̀ǹpútà. Àjọ kan tó ń jẹ́ Ìmọ̀-Dé-Oko ló gbà á síṣẹ́. Àjọ náà ló ń fi tíṣà ránṣẹ́ sí àwọn abà tó jìnnà sí títì, láti ẹ̀yìn Ayétòrò títí dé ọ̀nà Ìpókíá, níbi tí ọmọdé ti lè rin ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé Pọ́bẹ̀ lódìkejì ibodè kó tó rí kíláàsì jókòó sí. Gbogbo ohun tí àjọ náà mọ̀ nípa àwọn abà yìí wà nínú àtẹ ńlá kan nínú kọ̀ǹpútà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì pín sí àpótí-àpótí bí ọpọ́n ayò: orúkọ olórí ilé nínú àpótí kan, iṣẹ́ rẹ̀ nínú òmíràn, irú òrùlé, iye ewúrẹ́, iye adìyẹ, iye ọmọkùnrin, iye ọmọbìnrin.

Lọ́dún yìí, tíṣà kò kárí. Àwọn àgbààgbà àjọ tó wà ní Abẹ́òkúta pàṣẹ pé abà tí ọmọ ibẹ̀ kò bá tó ogójì, kí wọ́n gbé tíṣà rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ọ̀gá Toyibat ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín nítorí pé ó ti ka ìròyìn púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó ní kí Toyibat kọ ìbéèrè tí yóò mú orúkọ irú abà bẹ́ẹ̀ jáde. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà gbọ́dọ̀ lọ.

Toyibat kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà rò ó díẹ̀, bí àgbà tó ń jẹ orógbó, ó sì to àwọn abà náà sílẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ̀ kéré jù lókè. Èyí tó wà lókè pátápátá ni Ìdí-Ahùn, lẹ́yìn Ìmàṣàyí. Iye ọmọ: òdo.

Toyibat wò ó. Kọ̀ǹpútà kò sọ pé ọmọ kò pọ̀ ní Ìdí-Ahùn. Ó ní kò sí. Wọn kò bí ẹyọ kan.

Bó bá jẹ́ abà mìíràn ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá yà á lẹ́nu níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n Ìdí-Ahùn ni wọ́n ti bí òun alára.

Ó wá ìlà ìyá rẹ̀ kàn. Sàlímọ́tù Bàrúwà, opó. Iṣẹ́: gàrí. Òrùlé: páànù. Ewúrẹ́: mẹ́rìnlá. Adìyẹ: mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú àkíyèsí pé ọ̀kan ń sàba lọ́wọ́. Ọmọ: òdo. Toyibat fi ọwọ́ kan apá ara rẹ̀. Apá náà wà níbẹ̀, ó sì gbóná.

Ó wá lọ wo àtẹ náà bó ṣe wà kí ìbéèrè òun tó fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òdo kankan nínú àwọn àpótí ọmọ ní Ìdí-Ahùn. Kò sí nǹkan kan nínú wọn rárá. Wọ́n ṣófo láti ìdílé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àfi ilé méjì. Òdo tó rí yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, nígbàkigbà tó bá ní kí kọ̀ǹpútà ro ọmọkùnrin pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin, tí ọ̀kan nínú àpótí méjèèjì bá ṣófo, àròpọ̀ náà á ṣófo. Ọmọkùnrin márùn-ún pẹ̀lú òfìfo kì í ṣe márùn-ún lójú kọ̀ǹpútà, òfìfo ni. Ìròyìn jáde, ihò sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga ní òun kò fẹ́ ihò. Toyibat bá fi gbólóhùn kékeré kan kún ìbéèrè náà: níbi tí àròpọ̀ bá ṣófo, kà á sí òdo. Ihò dí. Inú ọ̀gá dùn bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn, ìyẹn ni pé kò sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n òdo àti òfìfo kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí o bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, tí o wo inú rẹ̀ tí o kò rí nǹkan, òdo nìyẹn. Bí ìkòkò bá wà lórí ààrò, tí ọmọrí wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i, òfìfo inú àtẹ nìyẹn. Nọ́ọ̀lù ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é. Ọbẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹran lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá búra pé ìkòkò gbẹ nítorí pé òun kò ṣí i, ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ebi tiwọn sì ti ń bọ̀. Tíṣà kan ṣoṣo ló wà ní Ìdí-Ahùn, Tíṣà Jemima, obìnrin ará Ayétòrò tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ níwèé tó sì wá fi ìwé náà tọrẹ fún abà tí gbogbo wọn ń kírun. Bí wọ́n bá gbé e lọ, Àbà Olóyè ni àwọn ọmọ yóò máa lọ, òdìkejì odò, lórí igi ìrókò tí wọ́n fi ṣe afárá. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́ omi ni igi náà ń gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Toyibat wà nínú àwọn tí Jemima ń kọ́.

Ó pe ìyá rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

“Toyibat! Kí ló dé? Ọ̀sán gangan lò ń pè. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Àwọn tó wá kọ yín sílẹ̀ níjọ́sí, kí lẹ sọ fún wọn?”

“Ọmọkùnrin ará Àgọ́sasà yẹn? Ọmọ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó jókòó. Ó bi mí ní iye ewúrẹ́, mo kà á fún un. Ó bi mí ní iye adìyẹ, mo ní kó jẹ́ kí n da àgbàdo sílẹ̀ kí wọ́n lè wá, àwa méjèèjì jọ kà á.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó ní, ‘Màmá, àwọn ọmọ ńkọ́?’ Mo ní wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́. Ó ní Ọlọ́run á dá wọn sí. Mo ní àmín. Mo bu gàrí fún un, ó lọ.”

“Kò bi yín pé mélòó ni wọ́n?”

“Ṣé ọmọ náà kò ní ìyá nílé ni, tí yóò fi bi mí bẹ́ẹ̀?”

Toyibat fi ọwọ́ gbá iwájú orí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òun náà mọ̀ ọ́n. Inú wàrà ọmú ló ti mu ún. Ohun tí o bá kà, o ti fi han ayé, ayé sì lè wá yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí àjọ rán jáde láti lọ kọ ìdílé sílẹ̀ ni ọmọ ilé rere. Wọ́n béèrè iye ewúrẹ́, wọ́n béèrè iye adìyẹ. Nígbà tó kan ọmọ, wọ́n kí ìyá wọn, wọ́n sì fo àpótí náà.

“Màmá, ewúrẹ́ yín, ẹ kà á.”

“Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?”

“Ó dáa. Ẹ gbọ́, kọ̀ǹpútà ti ní ẹ kò bímọ.”

“Kọ̀ǹpútà ta ni?”

“Kọ̀ǹpútà wa níbi iṣẹ́.”

“Ìwọ ńkọ́? Ibo lo wà nígbà tó ń sọ ọ́?”

“Iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí.”

“O jókòó síwájú rẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ó ní èmi Sàlímọ́tù kò bímọ, o sì ń wò ó.”

Toyibat sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà Jemima fún un.

“Sọ fún kọ̀ǹpútà yín pé a ní ọmọ,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Mélòó ni kí n sọ?”

“Sọ pé a ní ọmọ dáadáa.”

“Màmá, nọ́ńbà ló ń gbọ́.”

“Á jẹ́ pé etí ń dùn ún,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Toyibat gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, Ìdí-Ahùn kò yẹ kó wà nínú ìwé yìí.”

“Ta ló fi í síbẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni.”

“Ohun tí mo ní kó sọ ló sọ, sà. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ ní kíláàsì.”

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga mi orí. “Abẹ́òkúta kò gba ìwé tíṣà mọ́. Tíṣà kan wà tó kọ orúkọ kún ìwé kó má baà kúrò níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti lọ́kọ, ọ̀kan sì jẹ́ ewúrẹ́.”

“Ewúrẹ́, sà?”

“Ó ní orúkọ. Ìdílé nìkan ni kí á máa fi ṣírò báyìí.” Ó ronú. “Yọ àwọn tó ṣófo kúrò. Wá ìpíndọ́gba àwọn tó dáhùn, kí o fi ìyẹn ka gbogbo ilé.”

Toyibat mọ̀ pé èyí kò ní dára, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. Ilé méjì péré ló dáhùn ní Ìdí-Ahùn. Ọ̀kan ni Bàbá Ọdẹkúnlé, tó ti Ìdógò wá dáko síbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Pọ́bẹ̀. Òun ní kí wọ́n kọ ọ̀kan, pé ẹni tó ní ẹyọ kan kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Àpótí ọmọkùnrin ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n fo ti ọmọbìnrin, ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ tirẹ̀ náà fi di òdo tẹ́lẹ̀. Èkejì ni Tíṣà Jemima fúnra rẹ̀. Ó ti lọ́kọ ọjọ́ pẹ́, Ọlọ́run kò sì tíì dá a lóhùn. Nígbà tí ọmọ Àgọ́sasà bi í, kò ní kí ó fò ó. Ó ní kò sí, ó sì dúró tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí. Òdo òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo abà náà nìyẹn, ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ gbogbo wọn sì ni.

Ọ̀kan àti òdo, pín in sí méjì.

“Ìdajì ọmọ ní ilé kọ̀ọ̀kan,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga kà jáde.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó sàn ju òdo lọ.”

“Kò tó ogójì, sà.”

“Mo rí i.”

Toyibat padà sí ìjókòó rẹ̀, ó yọ gbólóhùn tó ń sọ òfìfo di òdo kúrò, ó sì ní kí àpapọ̀ abà náà ṣófo níwọ̀n ìgbà tí ilé kankan níbẹ̀ bá ṣófo. Ó tún béèrè àwọn abà tí ọmọ wọn kò tó ogójì. Ìdí-Ahùn pòórá nínú wọn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ ra bisikíìtì. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán ló rò ó pé kí òun wo ìwé kejì, ti àwọn abà tí ọmọ wọn tó ogójì tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí tíṣà wọn ń dúró. Ìdí-Ahùn kò sí níbẹ̀ náà.

“Ibo ló wá wà?” ni ọ̀gá rẹ̀ béèrè.

“Kò sí níbì kankan, sà.”

“Abà odindi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí ẹ bá bi kọ̀ǹpútà pé ṣé òfìfo kéré sí ogójì, á ní òun kò mọ̀. Tí ẹ bá bi í pé ṣé ó tó ogójì, á ní òun kò mọ̀. Ẹni tó bá sì dá a lójú nìkan ló ń mú wá.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀, kì í bú u, kì í sì í kí i. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

“Tíṣà tí kò sí nínú àwọn tó ń lọ, tí kò sí nínú àwọn tó ń dúró,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga wí, “Abẹ́òkúta á rò pé ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á kí i pé ó ṣeun. Wá wọn jáde fún mi, gbogbo abà tí kò sí níbì kankan.”

Toyibat kọ ìbéèrè kẹta: mú abà tí àpapọ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú òfìfo wá. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀.

“Ó ti parí nìyẹn,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

“Kò tíì parí, sà. Èmi ni mo ṣì í bi.” Òfìfo kì í dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun. Kì í dọ́gba pẹ̀lú òfìfo ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ìkòkò méjì tí a kò ṣí, ta ló lè búra pé ọbẹ̀ kan náà ló wà nínú wọn? A kì í bi í pé kí ló dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí à ń bi ni pé, èwo ló ṣófo? Toyibat tún un bi bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdí-Ahùn jáde. Àwọn abà ẹ̀yìn Ayétòrò jáde. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ Ìdógò jáde, àwọn ti ọ̀nà Àgọ́sasà tẹ̀ lé wọn, títí dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi Faransé ná ata. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìjàlọ tó ń wọlé.

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo ibi tí ọmọ pọ̀ sí, sà. Àwọn tí ọmọ wọn kò pọ̀ kò bẹ̀rù àti kà á.”

Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Àwọn abà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń fi òdo ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta láti ọdún tó kọjá, ó sì ti fọwọ́ sí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

“Nọ́ńbà ni mo fẹ́,” ló wí níkẹyìn. “Mi ò fẹ́ ìtàn. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìdí-Ahùn. Ìwọ ni ọmọ wọn.”

Bí Toyibat ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìdí-Ahùn, abẹ́ àtíbàbà ìbẹ́gẹ̀ẹ́ ló bá àwọn obìnrin, ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gẹ́ níwájú wọn bí òkè. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà Jemima náà wà níbẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ kíláàsì, ó ń bá wọn bẹ́ ẹ̀gẹ́.

“Ẹ dìde, ẹ wá wò ó!” ni Mẹ̀dínátù wí, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí ti ìyá Toyibat, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní ọmọrí. “Ọmọ tí a kò bí ti dé!”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi.”

“Ìyá wo? Kọ̀ǹpútà ni kó o lọ kí.”

“Ẹ jẹ́ kó jókòó,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Àlejò ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Toyibat kúnlẹ̀ kí wọn tán, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà, ẹ̀rín tán. Kálukú padà sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

“Tíṣà kò ní kúrò níbí,” ni Mẹ̀dínátù wí. “Èmi náà kò sì ní ka ọmọ. Ẹ lọ wá ọ̀nà sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sin ọmọ. Ẹ fẹ́ kí n jókòó síbí kí n máa na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?”

Jemima wo ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Toyibat náà kò lè bá a jiyàn, nítorí kì í ṣe Mẹ̀dínátù ló jẹ̀bi. Àtẹ ló jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe àtẹ náà fi àpótí kan síbẹ̀, ó ní kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye. Kí ló dé tí ìyá yóò fi sọ iye, nígbà tó jẹ́ pé kíkà ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan, ó sì ṣe àtẹ tuntun kan, èyí tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kì í ṣe ìdílé. Ọmọ kan, ìlà kan. Kò sí àpótí iye níbẹ̀ rárá.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má kà wọ́n. Ẹ kàn máa pe orúkọ wọn fún mi, àti ìgbà tí ẹ bí wọn.”

“Orúkọ nìkan?”

“Orúkọ àti ọjọ́ orí.”

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Mẹ̀dínátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Orúkọ kò burú. Orúkọ là ń pè tí wọ́n fi ń wá jẹun.”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tó ti wúwo bí ọlọ ṣí wàyí. Kò sí ẹni tó pe orúkọ kan lásán. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ni wọ́n ń kì í, wọ́n ń sọ ẹni tí ojú rẹ̀ jọ àti ẹni tó jogún oríkunkun rẹ̀. Wọ́n bí ọ̀kan lọ́dún tí eṣú jẹ àgbàdo, òmíràn lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibodè pa. Toyibat ń sọ ọ́ di ọdún, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, ó to àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi Toyibat kún un.

“Màmá, èmi ti kúrò nílé-ìwé.”

“Mo ti tà ọ́ ni?”

Toyibat kọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ orí ni yóò yọ òun nígbà tó bá yá.

“Èyí tó wà nínú mi ńkọ́?” ni ìyàwó kékeré kan béèrè láti ẹ̀yìn.

“Kó jáde ná,” ni gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ wí.

Ọwọ́ Tíṣà Jemima kò kúrò lára ẹ̀gẹ́ títí wọ́n fi pè wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ní, “Ìyá Roheemat, ẹ gbàgbé Husain.”

“Yéè! Husain mi!” Obìnrin náà fò dìde bí ẹni pé ọmọ náà ti ṣubú sódò. “Ẹ bá mi kọ ọ́, kọ ọ́ lókè!”

“Ibi tó bá wà kò ṣe nǹkan, Màmá.”

“Kọ ọ́ lókè.”

Ó kọ ọ́ lókè.

“Tó bá kà wọ́n tán,” ni Mẹ̀dínátù wí bí Toyibat ṣe ń pa kọ̀ǹpútà dé, “a kò fẹ́ gbọ́ o. Kó sọ fún ọ̀gá yín, kí ọ̀gá yín gbé e mì.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ní ọ́fíìsì, Toyibat ní kí kọ̀ǹpútà ka ìlà tó jẹ́ ti ọmọ ilé-ìwé ní Ìdí-Ahùn. Ó kà á. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga tẹ orí síwájú, ó wo nọ́ńbà náà, ó tún wo Toyibat.

“Tíṣà kan ló ń kọ́ gbogbo eléyìí?”

“Ọ̀kan ni, sà.”

Ó gbé e mì. Ó wá bi í ní ti àwọn abà yòókù tó ṣófo, tí kò sí àkókò àti dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Toyibat fi ìwé mẹ́ta hàn án: àwọn tó ń lọ, àwọn tó ń dúró, àti ìkẹta tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “A Kò Tíì Bi Wọ́n Bó Ṣe Yẹ”.

“Ihò nìyí, Toyibat.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tó wà.”

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga gbé bíírò sókè pẹ́ díẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Èsì dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tíṣà ibi tí a kò tíì bi, kí Olúgbénga fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bi wọ́n. Wọ́n ní kí Tíṣà Jemima dúró, kí wọ́n sì fi ẹnì kan kún un, nítorí kò sí ẹni tó lè dá kọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi kún un ni Tíṣà Adédọ̀tun ti Àbà Olóyè.

Toyibat ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí Àbà Olóyè nínú àtẹ. Àpótí kankan kò ṣófo níbẹ̀. Pásítọ̀ wọn ti sọ fún wọn nínú ìsìn pé kí wọ́n dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n sì gbọ́ràn. Wọ́n ka ọmọ wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọmọ méjìdínlógójì. Ó wá àṣìṣe nínú ìbéèrè náà, ó wá a pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Kò sí. Òtítọ́ ni nọ́ńbà náà, kò sì tó.

Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní Tíṣà kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣe àdúrà fún un títí. Lẹ́yìn náà ni Toyibat wá sọ ti Àbà Olóyè.

“Kí ni wọ́n ṣe?” ni ìyá rẹ̀ béèrè.

“Wọ́n ka ọmọ wọn.”

Sàlímọ́tù kò sọ pé, “Ṣé ìwọ náà rí i?” Ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í sọ bẹ́ẹ̀.

“Àwọn ọmọ náà ńkọ́?” ló béèrè.

“Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á máa sọdá sí.”

“Kí wọ́n máa bọ̀. Màá wí fún àwọn ọkùnrin, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí odò yẹn kí òjò tó dé.”

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tó ti bo igi afárá, Tíṣà Adédọ̀tun dé sí Ìdí-Ahùn, àpótí rẹ̀ lórí, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọmọ Àbà Olóyè sì tò lẹ́yìn rẹ̀, omi ń kán lára wọn. Tíṣà Jemima sún àga, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wọn jókòó. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, onílé àti àlejò, kó pe orúkọ ara rẹ̀ sókè kí àwọn yòókù lè gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, tí àwọn ìyá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, wọn kò tíì pè é dé ẹ̀yìn.